Ohun Tí Ìyá Oníbúrẹ́dì Ní Òun Kò Gbọ́

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kan kó àwọn ọmọ abúlé lọ sí ilé ìwé, tí ó sì ń kó wọn padà wálé. Ọmọ méjìlélógún ni wọ́n lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, á ní, "Ẹ jókòó!" Bí ó bá dé kọ́nà, "Ẹ jókòó!" Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí afárá tóóró tó wà láàárín abúlé àti ilé ìwé, níbi tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ láàárín táyà àti etí afárá, kì í sọ ọ́ mọ́. Ó kàn máa wò wọ́n nínú dígí ni, gbogbo wọn á sì pa rọ́rọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-Jókòó. Àwọn ọmọ tó kó lọ́dún àkọ́kọ́ ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ, àwọn náà ti ń fi ọmọ tiwọn lé e lọ́wọ́, síbẹ̀ bí ó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà lójijì, wọ́n á máa wá ibi tí wọn yóò jókòó sí.

Ẹni kúkúrú ni, apá rẹ̀ le nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ náà kì í fẹ́ yà bí a kò bá fi agbára yà á. Súwẹ́tà kan wà tí ó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó ti lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní ìlú ńlá, ó sì máa ń pè é lórí fóònù ní gbogbo Sọ́ńdè. Ilé tirẹ̀ ló kẹ́yìn ní àdúgbò, ògiri kan náà ni òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì sì jọ ń lò. Láago márùn-ún ààbọ̀ ló ń jí. Á fi ẹsẹ̀ ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á nu dígí, á wo omi, á wo ọ́ìlì. Bí aago bá ti lù mẹ́fà, ó ti dé iwájú fèrèsé Ìyá Oníbúrẹ́dì láti gba búrẹ́dì gbígbóná kan. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò yẹn lọ́wọ́ òun rí.

Ohun tó fẹ́ ba gbogbo ètò yìí jẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan báyìí. Ó déédéé lajú láago méjì, ó sì gbọ́ tí nǹkan kan ń súfèé létí fèrèsé rẹ̀. Ìfé gígùn mẹ́ta ni, èkejì ga ju èkínní lọ, ẹ̀kẹta ga ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ń dún gbulu-gbulu bí omi tí à ń dà jáde láti inú ìgò ọlọ́rùn tóóró. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, èyí gan-an ló sì bà á lẹ́rù. Ẹyẹ wo ní í kọrin láago méjì òru? Ó mọ òwìwí, ó mọ bí òwìwí ṣe ń ké, òwìwí kọ́ nìyí. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Ohùn náà dákẹ́ wẹ́lo. Ó ti fèrèsé, ó padà sùn, ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lóròòru. Bí ó bá ṣí fèrèsé, kò sí nǹkan kan. Bí ó bá tì í, orin dé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ṣí fèrèsé mọ́. Ó kàn máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á la ojú sílẹ̀ gbàgàdà, á máa ronú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n náà, nítorí pé láìsí i, ẹ̀rù tó ń ba obìnrin yìí kò ní yé yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí obìnrin yẹn lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omi tó ń ṣàn lóru. Á dìde láti lọ ti ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ omi á sì wà ní títì. Ó sọ fún àwọn èèyàn, wọ́n fi í ṣe ẹ̀rín. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó dúró síwájú Ìyá Ẹ-Jókòó nínú ilé ìdáná, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ni yín?" Ìyá Ẹ-Jókòó ló fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ títí tó fi kú. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Obìnrin yìí mọ ibi tí ọ̀nà náà ń já sí. Òun náà sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ó rò ó pé kí òun tó ka ara òun sí ẹni tí orí rẹ̀ ń yí, ó yẹ kí òun bi ẹnìkan. Kì í ṣe gbogbo ìlú. Bí ìròyìn bá tàn pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tán nìyẹn. Ẹnìkan ṣoṣo ló fẹ́ bi, ẹni tí etí rẹ̀ sún mọ́ etí tirẹ̀ jù lọ. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, láago mẹ́fà géérégé, bí ó ti ń na ọwọ́ gba búrẹ́dì rẹ̀ lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ǹjẹ́ o gbọ́ nǹkan kan lóru?"

Ọwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró sójú kan. Ìyẹ̀fun ti kun apá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. "Nǹkan bíi kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Bíi kí nǹkan kan máa súfèé."

"Lóru? Háà, mi ò gbọ́ nǹkan kan o, Ẹ̀gbọ́n. Mo sùn fọnfọn." Ó sì fi búrẹ́dì kékeré kan kún un, ó ní ẹ̀bùn ni.

Ìyá Ẹ-Jókòó dúpẹ́, ó gba búrẹ́dì méjèèjì tó ṣì ń jó o lọ́wọ́, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó rìn padà sídìí ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri kan náà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tán, inú orí òun ni ohùn náà wà.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń dán ara rẹ̀ wò. Bó bá ti fẹ́ sùn, á ka orúkọ àwọn ọmọ méjìlélógún náà láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, á tún kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Á ka orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀, á ka ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń pé. Ṣùgbọ́n oorun kì í kùn ún mọ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ní ọjọ́ Wẹ́sidé kan, ó wa ọkọ̀ kọjá níwájú ilé akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, níbi tí ọmọbìnrin akọ̀wé náà dúró sí pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò sì dúró gbé e. Àfi ìgbà tí gbogbo ọmọ inú ọkọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, ó gbé ọmọ náà, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ àgbàlagbà. Ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, ó wò wọ́n nínú dígí, ó rí ojú méjìlélógún tó fọkàn tán an, omi sì lé sí i lójú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ ìwé pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ obìnrin abúlé ló ni bọ́ọ̀sì náà, àwọn ló rà á, àwọn ló sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nítorí náà àwọn náà ni yóò dá a padà fún. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ṣe ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ máa ń jò sí igun kan ṣoṣo, igun tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì jókòó sí. Ọgbọ̀n obìnrin ló máa ń wá. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ bisikíìtì, ẹnìkan á wá kọ́ wọn ní nǹkan kan, bíi bí a ṣe ń fi aṣọ àlòkù ṣe ìbòrí àga, lẹ́yìn náà wọ́n á ki orí bọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Alága wọn jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìfẹ̀yìntì kò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Aago kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, aago pupa tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà lórí iná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni lè fi sọ̀rọ̀. Bí aago bá ti dún, kí o jókòó, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ lo wà. Obìnrin kan fẹ́ kéde ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nígbà kan, aago dún kí ó tó dárúkọ ọkọ, oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń méfò ẹni tí ọkọ náà jẹ́.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, ọkùnrin tó yẹ kó wá kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó kò wá, wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ sójú ọ̀nà. Alága kórìíra kí àkókò ṣòfò. Ó wo ojú aago, ó wo ojú àwọn ènìyàn, ó ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ìyá Ẹ-Jókòó dìde. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

"Sí Alága àti gbogbo ẹgbẹ́," ó ń kà á, "mo fi ìwé yìí dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún yín. Kò sí ìjà, kò sí ìbínú. Nítorí ìlera mi ni. Mo dúpẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún..."

Akọ̀wé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ìlera wo? Kí ni kí n kọ síbí?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlera."

"Kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," Alága dá sí i. "Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ọmọ tó bá kọ̀wé pé ara òun kò yá, tí kò sọ ohun tó ń ṣe é, mo máa ń dá ìwé rẹ̀ padà ni. Ọdún mọ́kàndínlógún! O ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ìyá Ẹ-Jókòó ti múra sílẹ̀ fún ohun gbogbo, àfi ìbéèrè yìí. Ó ṣí ẹnu láti purọ́ pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ṣùgbọ́n ó wo ojú akọ̀wé tó jẹ́ ìyá ọmọ tí ó fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, irọ́ náà kò sì jáde. "Mò ń gbọ́ ohun tí kò sí," ó wí. "Lóròòru, láago méjì. Bí mo bá ṣí fèrèsé, á lọ. Bí mo bá tì í, á padà wá. Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ bí tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo gbàgbé ọmọ kan sójú ọ̀nà. Ọ̀la ńkọ́? Tó bá jẹ́ orí afárá ni mo ti gbàgbé pé afárá ni ńkọ́?"

Aago dún.

Gbogbo ènìyàn wo aago náà. Ìyá Ẹ-Jókòó fẹ́ jókòó, nítorí òfin ni òfin. Ni Alága bá gbé aago tó ń han gooro náà, ó tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Aago ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí eku tí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀, Alága kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ," ó ní. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì abúlé, tó jókòó ní ìlà kejì, ló béèrè pé, "Ẹ má bínú, mà. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ yìí, báwo ló ṣe ń dún?"

"Ó ń súfèé."

"Báwo? Ẹ súfèé rẹ̀ ká gbọ́."

Ẹ wò ó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, níwájú ọgbọ̀n obìnrin, tí wọ́n ní kó máa súfèé bí ọmọ ìta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tú gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ kò tún ní ibì kan tó kù tí yóò bò. Ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, ó sì súfèé. Ìfé gígùn mẹ́ta, èkejì ga ju èkínní lọ, ẹ̀kẹta ga ju èkejì lọ. Ó gbìyànjú gbulu-gbulu ti omi inú ìgò náà, ó ṣe é débi tí ó lè ṣe é dé.

"Rárá o," ni ohùn kan wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, "kì í parí síbẹ̀ yẹn. Ó tún máa ń fi kékeré méjì sí i nísàlẹ̀." Ohùn náà sì súfèé kékeré méjì nísàlẹ̀, kíá-kíá, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Gbogbo orí yí síbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì kò tilẹ̀ tó oṣù méjì. Ìyá Ẹ-Jókòó ń wò ó. "Ìwọ," ó wí, "ìwọ tí o sùn fọnfọn?"

Kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó dáhùn, akọ̀wé ti dìde. "Ẹ dúró ná. Ṣé nǹkan yẹn ni? Èmi rò pé imú ọkọ mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ní kó lọ máa sùn sí pálọ̀!" Ẹ̀rín bú jáde. Obìnrin kan ní ẹ̀rọ omi ilé òun lòun fura sí, òun sì ti jẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀, kò sì tíì ṣeé tò padà títí di ìsinsìnyí. Òmíràn rò pé ọmọkùnrin kan ló ń wá fi ìfé pe ọmọ òun obìnrin, ó ti fi ìgbálẹ̀ jókòó ti ilẹ̀kùn lóru mẹ́rin. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, Alága tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó ní òun náà ti fi òróró sí gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé òun, títí kan ti ilé adìyẹ.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú wọn. Olúkúlùkù ló kà á sí àléébù ilé tirẹ̀, olúkúlùkù ló sì pa á mọ́ra kí aládùúgbò má baà mọ̀.

Ìyá Eléwúrẹ́, tó dàgbà jù láàárín wọn, tó sì máa ń sùn lọ nínú ìpàdé, lajú báyìí. "Kí lẹ̀ ń pariwo sí?" Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó mi orí. "Ẹyẹ ni. Ẹyẹ kékeré kan báyìí, àwọ̀ ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i lọ́sàn-án, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, etí odò níbẹ̀ yẹn ló máa ń wà. Wọ́n wá gé igbó etí odò kí wọ́n lè fi dáko, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mélòó rèé tí wọn ò dáko níbẹ̀ mọ́? Igbó ti hù padà, òun náà ti padà. Ojú ń tì í ṣá. Bí fèrèsé bá ti dún báyìí, ó ti panu mọ́ nìyẹn."

"Ìyá, kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ bi mí ni?" Ìyá Eléwúrẹ́ wí. "Mo rò pé gbogbo yín lẹ̀ ń gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ sì ń gbádùn rẹ̀."

Gbogbo ènìyàn tún rẹ́rìn-ín, àfi ẹni méjì. Ìyá Ẹ-Jókòó ṣì dúró. Inú ń bí i, n kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi sin ara rẹ̀ láàyè nítorí gbólóhùn kan tí wọ́n sọ lójú fèrèsé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó rìn lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì, àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rọra fà sẹ́yìn.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Omi ti ń bọ́ lójú Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Fáànù ààrò mi ni mo rò pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí èṣín, tẹ́ ẹ wá bá mi pé fáànù yẹn kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ẹ ní bí mi ò bá wá nǹkan ṣe sí i, ẹ máa fi ẹjọ́ mi sun ẹgbẹ́. Mo ra tuntun. Nígbà tí ohùn yìí wá bẹ̀rẹ̀, mo pe ẹni tó ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tẹ́ ẹ bi mí, mo ní ó tán, Ẹ̀gbọ́n tún ti dé. Ni mo bá sọ pé mi ò gbọ́. Mi ò mọ̀ pé nípa ara yín lẹ̀ ń bi mí o. Ká ní mo mọ̀, ṣé màá jẹ́ kẹ́ ẹ..."

Ìyá Ẹ-Jókòó rántí. Òótọ́ ni, ó lọ bá a lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ tó sì sọ lọ́jọ́ náà kò dùn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wá ìbínú tó kó wá, kò rí i mọ́. Orí òun kò yí. Orí òun pé! Ẹyẹ ni, ẹyẹ tí gbogbo abúlé ń gbọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ kò ní sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́la, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Ó jókòó gbì sórí àga tó wà nítòsí, àga igun tí òrùlé ń jò sí, ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Nínú ẹkún náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Láago méjì òru," ó wí, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ súwẹ́tà nu ojú. "O ní o sùn fọnfọn láago méjì òru. Èmi náà gbà! Láago mẹ́fà mo gba búrẹ́dì tó ń jó mi lọ́wọ́, mi ò bi ara mi pé ta ló wá pò ó? Ta ló dáná ààrò?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì alára pa ẹkún tì, ẹ̀rín ń pa á. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí i láṣọ.

Nọ́ọ̀sì wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní kó yà sọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí òun yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó bá gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀bi orí rẹ̀. "Oorun lẹ nílò, mà. Oorun nìkan."

"Ìwé ńkọ́?" akọ̀wé béèrè. "Kí ni kí n kọ?"

Alága gbé aago jáde lábẹ́ ara rẹ̀, ó wò ó, ó tún gbé e sórí tábìlì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. "Ǹjẹ́ ó ka ìwé náà tán?"

"Kò kà á tán, mà. Ibi ìdúpẹ́ ló dé."

"Ǹjẹ́ aago dún?"

"Ó dún, mà."

"Ìwé tí a kò kà tán kí aago tó dún, ẹgbẹ́ kò gbà á. Òfin ni òfin." Ó fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí etí tábìlì lọ́dọ̀ Ìyá Ẹ-Jókòó. "Ẹlòmíràn!"

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ọ̀rọ̀ ẹyẹ lọ. Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn yóò wá jókòó sí ìta lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, níwájú ilé Ìyá Ẹ-Jókòó, kí gbogbo àwọn lè jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, láìsí ìtìjú àti láìsí ìgbálẹ̀. Akọ̀wé yóò gbé tíì wá. Ìyá Ẹ-Jókòó, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù, ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn bí aago méjì bá ti ń lọ lù. Ó ní kò burú. Ó lọ sílé, ó to àga sí ìta, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ sí ibi tó ti máa ń wà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Láago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ láti iwájú ọkọ̀. Kò dé orí ẹni karùn-ún.

Nígbà tó lajú, oòrùn ti wọ inú yàrá. Ó fò dìde, ó wọ bàtà òdì-òdì, ó sáré jáde. Àwọn àga tó tò sí ìta ti yí sí ọ̀nà odò, ife tíì mẹ́ta wà nílẹ̀. Ó lọ sójú fèrèsé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Aago ti kọjá mẹ́jọ, ẹni mẹ́rin ló ti gba búrẹ́dì ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ìyá Oníbúrẹ́dì pariwo. "Ibo lẹ wà? A kan ilẹ̀kùn títí, apá ń ro wá! Ẹyẹ yẹn kọrin lóru àná o, ó ju wákàtí kan lọ. Alága sunkún! Ìyá Eléwúrẹ́ súfèé sí i, ó dá a lóhùn. Lórí igi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yín gan-an ló wà, nígbà tó sì kọrin tán, a pariwo, a rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ìyá Ẹ-Jókòó na ọwọ́ gba búrẹ́dì rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o," ó ní. "Mo sùn fọnfọn."